Obìnrin Aláṣọ Yẹ́lò Inú Kásẹ́ẹ̀tì Japan

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kí ẹ̀rín tó gbà mí lẹ́nu, torí bí mo bá ti rántí ọjọ́ yẹn báyìí, ṣe ni àyà mi á tún máa lù kìkì, bíi pé òní ló ń ṣẹlẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì tí mo bá ara mi ní Sharjah, lẹ́nu iṣẹ́ kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà láyé. Ọ̀gá mi, ará Pakistan kan, ló máa ń kó ẹ̀rọ fídíò àlòkù wá láti Japan, àwọn ará wa tó ń wá rajà láti Lagos ló sì ń rà á. Ẹ mọ ará wa. Kò sí ẹni tó máa sanwó fídíò láìjẹ́ pé ó rí àwòrán, ó sì gbọ́ ohùn, torí tí ọjà bá ti wọ kọ̀ntéínà, ta lo fẹ́ bá ṣẹjọ́? Èmi ni ọ̀gá mi gbà kí n máa bá wọn tẹ́ẹ̀sì í. Mo máa ki okùn bọ tírànsífọ́mà, torí iná Japan kéré sí tibí, mo máa tẹ play, mo máa pariwo pé, "Àwòrán wà! Ohùn wà!" Oníbàárà á ní kí n gbé e sọ́tọ̀ fóun. Ó parí.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú fídíò yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú ẹ̀! Àwọn tó tà á ò rántí yọ ọ́. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n wọn láyé eighties ló máa ń jáde. Ìyá kan á máa kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gé ẹja. Àwọn kan á máa fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Àti orin! Ẹ̀yin èèyàn mi, orin! Àwọn òyìnbó olórin ńláńlá, ará London, ará America, tí wọ́n lọ kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n Japan. Irun wọn á dúró ṣánṣán bí ẹni tí iná gbé, èjìká jákẹ́ẹ̀tì wọn á fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Wọ́n á kọ́kọ́ mú wọn jókòó sórí àga, ará Japan kan á máa bi wọ́n ní ìbéèrè, obìnrin kan á máa túmọ̀, òyìnbó á máa rẹ́rìn-ín ohun tí kò yé e. Lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sórí sítéèjì, èéfín funfun á máa rú lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo lè dúró wò ó títí ọ̀gá mi á fi kígbe, "Chalo, chalo! Ṣé o wá ṣiṣẹ́ ni àbí o wá wo fíìmù?"

Èmi àti Àǹtí kan la jọ ń gbé bedspace ní Al Rigga, ní Deira ní Dubai, bẹ́ẹ̀dì òkè tèmi, ìsàlẹ̀ tiẹ̀. London ló ti dàgbà, ikú ìyá rẹ̀ ló gbé e wá sí Lagos, kò sì rí ọ̀nà padà mọ́. Lọ́jọ́ kan ló ṣèèṣì sọ fún wa nínú yàrá pé láyé eighties, òun wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń gberin lẹ́yìn òyìnbó olórin kan, pé wọ́n jọ lọ Japan, wọ́n sì kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ra bàtà lọ tà ní ọjà Balógun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí Japan! Ẹ bá mi bi òyìnbó yín bóyá ó lè bá wa gbé báàgì dé kágò."

"Ẹ má dá a lóhùn," ẹlòmíràn ní. "Kí ó kọ́kọ́ fi èdè Japan kí ìyá ọkọ mi."

Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà lókè, mo rí bí ó ṣe yíjú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún un rárá. Visit visa rẹ̀ máa parí ní Thursday tó ń bọ̀, ẹni tó bá a ṣe é sì ti ní khalas, kò sí àfikún mọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà lójú pópó wa tó ń wá obìnrin tó máa máa kọrin fún àwọn tó ń jẹun nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ náà sì ní visa nínú. Ó ti lọ síbẹ̀. Mánéjà, ará Lebanon, gbọ́ ọjọ́ tí visa rẹ̀ máa parí, ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ jẹ́ kó la ẹnu kọrin. Ó ní, "Habibti, gbogbo obìnrin tó wá síbí ló ti bá ìràwọ̀ kọrin rí. Mú fídíò rẹ̀ wá, màá gbọ́ ẹ. Tí kò bá sí fídíò, má yọ ara ẹ lẹ́nu."

"Tí mo bá padà sí Lagos, àbúrò mi," ó sọ fún mi bó ṣe ń lọ aṣọ, "mi ò ní ibi tí mò ń padà sí. Àyálégbé ti wà nínú yàrá ìyá mi. Àbúrò bàbá mi ló kó wọn síbẹ̀, kó tó di pé a ṣe ogójì ọjọ́."

Báyìí ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí. Ta ló ń wo tẹlifíṣọ̀n Japan láràárọ̀ ní gbogbo Emirates, bí kò ṣe èmi?

"Àǹtí, báwo ni aṣọ yẹn ṣe rí?"

"Yẹ́lò. Èjìká kan ló bò. Èmi ló ga jù láàárín wa." Ó fi ọwọ́ kan èjí iwájú ẹnu rẹ̀. "Wàá rí èyí náà. Mo rẹ́rìn-ín púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ó dárúkọ òyìnbó náà fún mi, mo sì ti rí i rí nínú fídíò bíi mélòó kan! Àwọn ará Japan fẹ́ràn rẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Fídíò tí mo bá gbé báyìí, kí oníbàárà tó bèèrè ni mo ti ki okùn bọná. Mo rí i tó wọ funfun, àwọn ọkùnrin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i tó jókòó tó ń jẹ nǹkan kan tí wọ́n fi igi mú, kò tiẹ̀ kọrin rárá lọ́jọ́ yẹn. Mo rí obìnrin mẹ́ta, àyà mi já, òyìnbó ni gbogbo wọn. Tí mo bá délé, Àǹtí ò ní bèèrè, ó kàn máa wo ojú mi. Màá mi orí. Á ní, "Kò burú." Ó di Tuesday, kò jẹun mọ́, ó ti ń ká aṣọ sínú báàgì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí báàgì mọ̀.

Ní àárọ̀ Wednesday, Alhaji kan láti Idumota wọlé wá ra fídíò. Mo gbé ọ̀kan jáde, eléérú, tó ti ha lára. Mo tẹ play. Èéfín funfun. Òyìnbó náà, jákẹ́ẹ̀tì pupa. Kámẹ́rà wá rọra lọ sẹ́yìn, mo rí ẹni dúdú kan, gíga, nínú aṣọ yẹ́lò tí èjìká rẹ̀ kan wà níta, ó ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí wà lẹ́nu rẹ̀ gbàgà bí ilẹ̀kùn tó ṣí!

"Àwòrán wà!" mo pariwo. "Ohùn wà! Àǹtí mi wà!"

"Ta ló wà?" Alhaji ní.

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin, mo dá a dúró, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì lọ tẹ fóònù. Àǹtí wà níbi tí wọ́n ti ń dirun ní Al Rigga. "Ẹ máa bọ̀! Yalla! Ẹ̀yin ni! Ẹ̀ ń jó!" Mo gbọ́ tí nǹkan já bọ́ lulẹ̀, obìnrin tó ń bá a dirun ń pariwo pé kó dúró, òun ò tíì parí orí rẹ̀.

Mo padà dé ṣọ́ọ̀bù. Òjò funfun ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ṣààà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ará wa kì í gba play nìkan. Á ní record ńkọ́? Nítorí náà, wọ́n máa ń tẹ record. Àmọ́ fídíò Japan ò lè gba ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ibí, òjò lásán ló máa gbà sílẹ̀. Wọ́n á wá tún un wò. Tí òjò bá ti wà níbẹ̀, record dáa nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni mo máa ń lò fún un. Alhaji ò lè dúró dè mí, ó tẹ record lé kásẹ́ẹ̀tì Àǹtí lórí.

"Alhaji! Kí lẹ ṣe?"

"Record ni mo tẹ́ẹ̀sì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wò ó, òjò rẹpẹtẹ."

"Alhaji, Àǹtí mi wà níbẹ̀!"

"Níbo?" Ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní tòótọ́, ó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Mo jókòó sórí páálí. Ibẹ̀ ni mo wà tí tákísì fi gbé Àǹtí dé, ìdajì orí rẹ̀ ti di, ìdajì wà ní títú. Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wò mí. Kò sunkún o. Ó kàn ní, "Ó ti tó," bí ẹni tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ fún, ó sì fara ti ògiri.

"Ẹ má bínú, ìyá," Alhaji ní. Ojú ti ń tì í. "Mo rò pé òyìnbó lásán ni."

Ọkàn mi ṣáà ní kí n bèèrè. "Alhaji, ìgbà wo lẹ dá record yẹn dúró?"

"Ìgbà tí mo mu tíì tí ọ̀gá ẹ fún mi tán."

"Ṣé ẹ yára mu ún?"

"Báwo ni màá ṣe yára? Ó gbóná!"

Mo fẹ́ kú. Òjò ń rọ̀, òjò ń rọ̀, ọ̀gá mi náà ti fi àwọn oníbàárà yòókù sílẹ̀, gbogbo wa ń wo òjò. Òjò já lójijì. Àwọ̀ bú jáde. Ìparí orin náà ṣì wà! Àwọn obìnrin mẹ́ta náà ń gbé e lẹ́yìn òyìnbó, Àǹtí wà lápá òsì nínú aṣọ yẹ́lò, ẹnu rẹ̀ là, ó gbé apá sókè. Òyìnbó tẹ̀ ba, wọ́n pàtẹ́wọ́, ìpolówó áísìkiriìmù gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló mọ.

"Ìwọ rèé!" ọ̀gá mi ní. "Accha! Ìwọ gan-an!"

Ẹ̀rọ hòtẹ́ẹ̀lì ò lè ka kásẹ́ẹ̀tì Japan, fídíò yẹn fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ gbé lọ. Alhaji sì ti sanwó rẹ̀.

"Ẹ yá wa, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n yá yín kí ẹ gbé e sá lọ? Èmi náà ń bọ̀."

Báyìí la ṣe kó wọ tákísì lọ sí Deira, Alhaji níwájú, ó gbé fídíò lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tuntun, tírànsífọ́mà lórí itan mi, Àǹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tú ìdajì orí tó ti di.

Mánéjà wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ká tún un ṣe. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka kan ẹnu òyìnbó náà. "Ẹnu rẹ̀ ń pẹ́ dé. Orin ti kọjá kó tó la ẹnu. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń kọrin, kì í ṣe èèyàn. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan níbí yìí."

"Kí ló ní?" Alhaji bi mí.

"Ó ní wọn ò kọrin. Wọ́n kàn ń la ẹnu ni."

"Pẹ̀lú gbogbo ìrìn yìí?"

Mo wo Àǹtí. Mo rò pé ó máa jiyàn. Ó ní, "Òótọ́ ni. Wo máíkì ọwọ́ mi, kò ní okùn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, òyìnbó náà ò kọrin. Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin tó wà lókè jù nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, èmi ni. London la ti kọ ọ́ ká tó lọ."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?" mánéjà ní, ó sì ti ń wo aago.

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Mo dá a padà jù, inú òjò ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ tún un ṣe. Àǹtí ní, "Fi í sílẹ̀."

Ó dijú. Ó ń fi ẹsẹ̀ ka nǹkan kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú òjò yẹn, ibi tí Alhaji ti pa rẹ́. Ohùn rẹ̀ há lákọ̀ọ́kọ́, ó dàbí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí tipẹ́, mo di ara mi mú. Alhaji ń sọ Yā Allāh lábẹ́ ẹnu. Ohùn náà wá là, ó gòkè, ó gòkè sí i, òjò ń ṣe ṣààà, Àǹtí ń kọ ọ́ lọ láìwo ibì kan. Òjò já. Àwòrán dé. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ nínú yàrá yẹn náà ló wà lẹ́nu rẹ̀ nínú aṣọ yẹ́lò! Ohùn méjì wọ inú ara wọn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ẹni tó ń tò ṣíbí sórí tábìlì dúró.

Áísìkiriìmù dé. Mánéjà pa á. Ó na ọwọ́.

"Passport."

Àǹtí ò gbọ́. Ó tún un sọ. "Passport, habibti, kí ọ́fíìsì tó tì. Ṣé ọ̀la kọ́ lo ní visa ẹ ń parí?"

"Ó gbà á?" Alhaji bi mí. "Ó gbà á, àbí?"

Mo mọ̀ pé hòtẹ́ẹ̀lì ni, àwọn èèyàn ń jẹun lódìkejì, kò yẹ kí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa pariwo níbẹ̀. Mo pariwo.