Ìyálé Àwọn Ẹ̀rọ

Ohun kan ṣoṣo ni Mounira ń fẹ́: kó kó ẹrù rẹ̀, kó lọ bá Moucharafou ọkọ rẹ̀ nílùú San-Pédro. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kó lọ? Níbi iṣẹ́ wọn ní àdúgbò Yopougon, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣọ́ ẹ̀rọ wọn, òun nìkan ló gbọ́ èdè gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ayé ti dayé íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn òtútù wà nínú yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí, òmíràn wà nínú táǹkì omi, gbogbo wọn ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, àmọ́ oníkálukú ń fọ èdè tirẹ̀. Bí ẹja bá fẹ́ bàjẹ́ nílé iṣẹ́ kan, Mounira ni wọ́n ń pè. Bó wà níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á pè é.

Axel, ọ̀gá rẹ̀, ní, "Madame, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá lè rìn láìsí yín, ẹ máa lọ."

Ni Mounira bá ya àwòrán kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ á jọ máa tẹ̀ lé: ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ máa gbà, èdè kan náà tí gbogbo ẹ̀rọ á máa sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á lè ṣiṣẹ́ náà. Agbo ilé wọn ní àdúgbò Koumassi Remblais ló fi ṣe àwòṣe. Níbẹ̀, àlejò kì í wọ yàrá ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ kí ìyálé. Ló bá fi irú ìyálé bẹ́ẹ̀ sáàárín àwòrán náà: ẹ̀rọ tuntun kankan ò gbọdọ̀ wọlé tí ẹni tó wà níbẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i.

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Axel fi ìka kan àárín àwòrán.

"Ta ló máa jókòó síbí?"

Kí Mounira tó fèsì, Axel ti dá ara rẹ̀ lóhùn:

"Ẹ̀yin náà ni o! Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Mounira délé, ó rò ó fún Tàǹtí Rakiatou, aya ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ìyálé agbo ilé náà. Tàǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o ò rí mi ni? Ìgbà wo ni mo dé ọjà Treichville tí wọn ò pè mí padà? Kódà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ń kanlẹ̀kùn bá mi!"

"Màá pa ipò àárín yẹn rẹ́, Tàǹtí."

"Lẹ́yìn tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́?"

Moucharafou pè lálẹ́. "Oṣù tó ń bọ̀ lo máa dé, àbí?"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀ níbí."

"Kí n fiṣẹ́ mi sílẹ̀ kẹ̀? Mounira?"

Kò tíì dáhùn tí ìpè mìíràn fi wọlé, láti yàrá yìnyín. Ó ní kí ọkọ òun dúró díẹ̀, ó sì gbé ìpè kejì náà.