Kámẹ́rà tí Àbúrò Mi Fi Sọ́wọ́ Mi

Ní ọjọ́ tí a sọ ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin lórúkọ, kò sí afọ́tò kankan nílé wa. Ó ya àwọn aládùúgbò lẹ́nu. Ní Ọ̀fà nígbà náà, ìyẹn ní ìparí àwọn ọdún 1990, afọ́tò kì í dúró de ìpè. Bó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan bímọ, á ti ka ọjọ́, á sì wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ kí àwọn Àfáà tó dé. Méjì ló wá sí tiwa. Àbúrò mi fún wọn lóúnjẹ, ó sì dá wọn padà. Ó ní òun ní kámẹ́rà tòun.

Kámẹ́rà náà kò ju páálí sìgá lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì ló mú un bọ̀ fún un láti Lọ́ńdọ̀nù. Dígítà ni wọ́n ń pè é. Kò lo fíìmù, kò sì ní gíláàsì tí èèyàn ti lè rí fọ́tò tó yà, bíi ti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ihò kékeré kan wà tí à ń fojú wò, bọ́tìnì kan wà tí à ń tẹ̀, ojú kékeré kan sì wà lórí rẹ̀, bí ojú aago ọwọ́, tó ń fi nọ́ńbà hàn. Bí o bá ya fọ́tò kan, nọ́ńbà á di 1. Bí o bá ya èkejì, á di 2. Yàtọ̀ sí nọ́ńbà yẹn, kò sí ohun tí a lè rí nínú fọ́tò wa, àfi bí a bá gbé e dé ibi tí kọ̀ǹpútà wà.

Àbúrò mi ń ta páàtì ọ̀kadà lẹ́bàá gáréèjì. Kò kàwé jù mí lọ, àmọ́ kì í bẹ̀rù ohun tuntun. Èmi ni mo máa ń bẹ̀rù. Mo sọ fún un pé, "Ṣé ó dá ọ lójú pé fọ́tò wà nínú nǹkan yìí? Jẹ́ kí afọ́tò ya ẹyọ kan péré, ká fi pa mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, bí wọ́n bá fún yín lómi mu, ẹ ó kọ́kọ́ béèrè kànga tí wọ́n ti pọn ọ́n. Ẹ gbà, ẹ bá mi yà á."

Bàbá wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, jókòó sórí àga rẹ̀, rédíò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ohun ìṣeré ọmọdé. Fọ́tò tí kò wọ yàrá òkùnkùn, tí kò kan omi, ibo ló fẹ́ gbà jáde?"

Mo gba kámẹ́rà náà. Àbúrò mi gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sí apá òsì. Kò wò mí, ọmọ ló ń wò. Mo tẹ bọ́tìnì, nọ́ńbà sì di 17. Òun fúnra rẹ̀ ló ya mẹ́rìndínlógún tó ṣáájú, nítorí náà kò sí òun nínú ìkankan wọn. Ẹyọ kan tí mo yà yẹn nìkan ni bàbá àti ọmọ ti jọ wà.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, ó pe èmi àti ìyàwó rẹ̀, ó sì ka ìwé pélébé tó bá kámẹ́rà náà wá sí wa létí. Ó ní bátìrì méjì tó wà nínú rẹ̀ ló gbé àwọn fọ́tò náà dání. Bí a bá yọ wọ́n, kí tuntun wọlé lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ níta, tàbí tí wọ́n bá kú sínú rẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á parẹ́. Kò pe Bàbá sí i. Bàbá ti ní ohun ìṣeré ni, a kò fẹ́ kó tún bú wa.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àbúrò mi rí ẹnì kan ní Ìlọrin tó ní kọ̀ǹpútà. Mo ní ohun tí mo fẹ́ rà níbẹ̀, a sì jọ wọ bọ́ọ̀sì ní àárọ̀. Kí a tó jókòó, ó kó kámẹ́rà náà àti wáyà rẹ̀ fún mi. "Ẹ fi sí báàgì yín, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ máa ń di nǹkan mú bí ẹni tó di ẹ̀mí mú." Mo ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí n kò fẹ́ atẹ́gùn.

Ohun tí mo rí nìkan ni mo lè sọ. A ti kọjá Àjàṣẹ́. Mo gbọ́ ariwo táyà. Mo rí koríko lójú fèrèsé, níbi tó yẹ kí n ti rí ojú ọ̀run. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn ni mo rí, àti aṣọ ìyàwó àbúrò mi, ó jókòó tì mí, ó bo orí. N kò béèrè. Wọ́n ti sin àbúrò mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. N kò sí níbẹ̀.

Egungun itan mi ló dá. Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, wọ́n gbé mi lọ sílé Bàbá, nítorí Kàdúná ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Báàgì mi bá mi wálé. Mo ní kí ìyàwó àbúrò mi ṣí i. Kámẹ́rà náà wà láàárín ìborùn mi, kò fọ́. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mẹ́tàdínlógún," ló wí.

A gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bó bá ti wẹ ọmọ tán láràárọ̀, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Àǹtí, mélòó ni?" "Mẹ́tàdínlógún." "Alihamdulilai." Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn. Èmi kò lè dìde. Òun wà nínú opó, àfi ọjọ́ kan tí wọ́n jẹ́ kó wá wò mí nílé ìwòsàn, kò gbọ́dọ̀ jáde fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Àwa méjèèjì tí a mọ ohun tó wà nínú kámẹ́rà náà, kò sí ẹni tó lè gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà ń sanra. Ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni tó bá gbé e.

Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ní Ilemona wá kí mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà fún un. Ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi. Ọ̀la ni mò ń lọ Ìlọrin. Mo mọ ẹni tó máa bá wa ṣe é, kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, fọ́tò ti wà lọ́wọ́ yín."

Èèyàn gidi ni. N kò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rí bọ́ọ̀sì tó dorí kodò, kámẹ́rà sì wà nínú àpò rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó mu omi tán, ó dúró díẹ̀, ó sì lọ.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ò fún un?" ni ìyàwó àbúrò mi béèrè.

"Bó bá sọnù ńkọ́?"

Ó nu kámẹ́rà náà, ó dá a padà sórí àpótí.

Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méje, nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ó di dandan kí a dojú rẹ̀ kọ fèrèsé kí a tó lè kà á. A ránṣẹ́ ra bátìrì tuntun méjì. Wọ́n wà nínú ọ̀rá wọn lórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Yíyọ tàtijọ́ kí a sì ki tuntun bọ̀ ọ́ kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan lọ. A kò ṣe é. Èmi ní mo lè kì wọ́n sódì. Òun ní bí òun bá fi ọwọ́ òun ṣe é tó sì bàjẹ́, òun ò ní lè wo ojú ọmọ òun. A ní kó di ọjọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ dé, a ní ká dúró kí ọmọ sùn ná. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a fi ń sọ ọ́, àmọ́ etí Bàbá ṣì mú.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni. Oògùn ìrora tí mo lò ti gbé mi sùn, ìyàwó àbúrò mi ń fọ ìlédìí ọmọ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo lajú, kámẹ́rà kò sí lórí àpótí. Bátìrì tuntun ṣì wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá.

Mo yí ojú sí fèrèsé. Ògiri kúkúrú kan wà níwájú ilé tí Bàbá máa ń sá òkúta rédíò rẹ̀, ìyẹn bátìrì, sí bó bá ti ń rẹ̀ wọ́n. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Bí ohùn rédíò bá ti ń lọ sílẹ̀, a ó yọ òkúta rẹ̀, a ó sá a sóòrùn, á sì tún sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mẹ́rin ńláńlá tò sórí àwo níbẹ̀. Méjì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bàbá ló rí mi láti ìta.

"Ìyá mi, o ti jí? Má ṣèyọnu. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Òkúta nǹkan yẹn ń kú, ẹ sì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó jalè. Ta ló ń sọ òkúta jí nínú ilé yìí kí wọ́n tó bí ẹ̀yin méjèèjì?"

"Bàbá," mo ní, "láti ìgbà wo ni wọ́n ti wà níbẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti kírun Àìlá. Oòrùn òní dára. Wọ́n ti gbóná dáadáa."

Wọ́n ti fẹ́ẹ̀ pe ìrun Àlàásárì.

Ó kó wọn wọlé nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn kí wọ́n má bàa jó o. Ó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó wo orí òkúta, ó wo ìdí rẹ̀, ó béèrè èyí tó máa kọjú sókè. Mo fi ìka hàn án. N kò mọ ìdí tí mo fi fi hàn án. Ó tì í pa, ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó sì gbé e sí mi lójú.

"Wò ó! Ṣó o rí i? Àná, a ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Wò ó bó ṣe dúdú kedere! Ojú ẹ̀ ti là."

Ó dúdú kedere lóòótọ́. Òdo ni. Òdo kan ṣoṣo, roboto, kò sí nǹkan mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, nítorí ó gbọ́ ohùn Bàbá. Bàbá na kámẹ́rà sí i. "Gbà, ìyàwó. Mo ti bá ọkọ rẹ sọ ọ́ jí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó gbà á, ó wò ó. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, n kò sì lè ṣe nǹkan kan fún un, n kò tilẹ̀ lè dìde jókòó. Bàbá ń wo àwa méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin àbúrò mi, n kò rí ẹ̀rín lójú rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú yẹn.

Ìyàwó àbúrò mi kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

"Àmín. Ẹ tọ́jú èyí tẹ́ ẹ rà yẹn, kò tíì kàn wọ́n."

Ó padà sẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ tó ń da omi, tó ń da omi, tó ń da omi.

Ẹ̀ẹ̀kan ni a sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ara wa. Ó béèrè bóyá kí á sọ fún Bàbá. Mo ní, bí a bá sọ fún un, ta ni yóò tù ú nínú? Ó ní, "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àǹtí, ẹ̀yin ni wọ́n máa máa bú." Mo ní kí wọ́n máa bú mi.

Wọ́n sì bú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn, Bàbá béèrè ìgbà tí mo máa gbé kámẹ́rà lọ Ìlọrin. Mo ní mi ò lè wọ mọ́tò. Nígbà tí mo sọ ọ̀pá nù, ó tún béèrè. Ó máa ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Fọ́tò ọmọ mi wà nínú ibí yìí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ." Àwọn àlejò á wò mí. Èmi á wo ilẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní òun á bá wa gbé e, mo tètè máa ń ní rárá, Bàbá á sì mi orí. Bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì méjì, á tún yọ òkúta méjèèjì, á sá wọn, á kì wọ́n padà.

Nígbà tí ọmọ náà tó ọdún méjì, mo bá a lórí ẹsẹ̀ Bàbá níwájú ilé. Bàbá ti fi kámẹ́rà náà sí i lójú.

"Bàbá ẹ gbé ẹ dání nínú ibẹ̀. Wò ó dáadáa. Kí lo rí?"

"Ewúrẹ́," ni ọmọ náà wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyẹn ewúrẹ́ òde. Bàbá ẹ ṣì wà nínú ilé lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí àǹtí bàbá ẹ bá láyà, a máa rí i." Ó yíjú sí mi. "Àbí, Ìyá mi? Ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ìyàwó àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

Irọ́ kọ́ ni.