A Ta Ẹ́ńjìnnì, Atẹ́gùn Kọ̀, Kò Fẹ́

Mo ti bó ẹ̀gẹ́ bésìnnì mẹ́rin tán kí n tó mọ̀ pé atẹ́gùn kò ní fẹ́ ní Ìkéré lónìí.

Mo dé ibi tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́, fáànù ńlá orí òpó, tí atẹ́gùn máa ń yí kí ẹ̀rọ tó lè lọ ẹ̀gẹ́, kò yí rárá. Àwọn obìnrin jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ òkú.

Mo ní, "Káyọ̀dé, tan ẹ́ńjìnnì dísù fún wa."

Káyọ̀dé tó ń bá wa lọ ẹ̀gẹ́ wò mí. "Màmá, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? A ti tà á. Owó rẹ̀ la fi ra fáànù."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tà á?"

"Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́ níbi ìpàdé. Ẹ ní dísù wọ́n, èéfín rẹ̀ sì fẹ́ pa yín. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Òótọ́ ni. Àsìkò ọyẹ́ la ṣèpàdé, nígbà tí atẹ́gùn ń ṣí páànù lórí ilé. Kò sẹ́ni tó ní ká fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ de ọjọ́ tí atẹ́gùn ò bá fẹ́.

Ẹ̀gẹ́ mi ti ń dúdú. Mi ò lè dá èèpo rẹ̀ padà, ọwọ́ arúgbó ò sì lè rin ẹ̀gẹ́ bésìnnì mẹ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n ní sùúrù o. Káyọ̀dé ti sọ ìyẹn.