Ìgò Omi Tó Ń Hó

Onínúfùfù ni mí. Ìyá tó bí mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ákùúrẹ́ náà sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, n kò jágbe mọ́ àgbàlagbà rí títí di ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá àgbà kan láti Àwóyè fa rọ́bà mi yọ.

Ìwádìí lórí mímí ọmọ tuntun ni mo ń ṣe. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó; bó bá ti mí síta tán, ńṣe ló ń lẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ wọ́n bí ojú, iná tí yóò gbé e kò sì sí létí òkun. Ohun tí à ń dán wò kò le rárá. Rọ́bà tín-ínrín á gbé ọ́síjìn wọ ihò imú ọmọ, ìkángun rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀ omi nínú ìgò oníke. Omi yẹn ló ń ti afẹ́fẹ́ padà díẹ̀, tí ẹ̀dọ̀fóró kò fi ní lẹ̀. Bí omi bá ti ń hó gbùlùgbùlù, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ode Ugbò ni mo gbé ìgò náà lọ, ilé tó dúró lórí òpó nínú omi bíi gbogbo ilé tó yí i ká. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí bí mo bá wọkọ̀, etí ọkọ̀ méjèèjì ni mo máa ń dì mú bí ẹni di ìwo màlúù mú.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé abiyamọ kan dé láti Àwóyè pẹ̀lú ọmọbìnrin jòjòló kan tí oṣù rẹ̀ kò pé. Bó bá mí, àyà rẹ̀ á wọnú. Ó ń kérora. A fi rọ́bà sí i nímú, omi hó, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Mo lọ fọwọ́. Ìyá ìyá ọmọ, tó ti ń kó ẹrù nínú ọkọ̀, wọlé, ó rí ìgò, ó fò mọ́ ọn, ó sì fa rọ́bà yọ kúrò nínú omi.

"Mà! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Mo já rọ́bà gbà, mo tì í bọ omi padà.

"Ìwọ lo fẹ́ pa á!" Ohùn rẹ̀ ju tèmi lọ. "Ẹ̀yin ará òkè yìí! Tómi bá ń hó báyìí, èèyàn ló ń rì nísàlẹ̀. Yọ ọma mi nínú omi!"

Ọmọ ni wọ́n ń pè ní ọma níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rírì yẹn kò yé mi. Nọ́ọ̀sì àgbà ló là mí lóye: bẹ́nì kan bá já sómi, ibi tómi ti ń hó ni àwọn apẹja máa ń bẹ́ sí láti wá a. Bí omi bá dákẹ́, wọ́n á gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ẹkún á sọ.

Ìbínú mi rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo bu omi sí kọ́ọ̀bù, mo ti ìdí rọ́bà mìíràn bọ̀ ọ́, mo na orí rẹ̀ sí ìyá àgbà, mo ní kó fẹ́ ẹ. Ó wò mí bí ẹni wo wèrè, ó fẹ́ ẹ, omi hó.

"Ta ló rì, mà?"

"Kò sẹ́ni tó rì. Èmi ni mò ń fẹ́ ẹ."

"Òkè lọmọ yín náà wà. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé e ró ló ń jáde síbẹ̀."

Ó tún fẹ́ ẹ, ẹ̀rín pa á, omi ta sí wa lára.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ọlọ́pàá ìgò. Ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ gbé: "Kúrò lójú omi mi!" Nígbà kan ó kígbe pé omi ti dákẹ́, gbogbo wa sáré dé. Lóòótọ́, rọ́bà ti yọ nímú ọmọ. A dá a padà, omi sì hó. Nọ́ọ̀sì ní kí n fún ìyá ní kóòtù dókítà. Ìyá ní funfun máa ń tètè dọ̀tí, kí n wá aláró fún òun.

Nígbà tí ọmọ lágbára dáadáa, mo ní mo fẹ́ yọ rọ́bà. Ìyá di ọwọ́ mi mú.

"Dókítà, ibi tí mo ti rí omi tó dákẹ́ kẹ́yìn, ọkọ mi ló wà nísàlẹ̀."

Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo fi ọwọ́ mi sílẹ̀ fún un, mo mi orí sí nọ́ọ̀sì, ó yọ rọ́bà, ó ti ọ́síjìn pa.

Omi dákẹ́. Àyà ọmọ gbéra, ó wálẹ̀, ó tún gbéra. Lẹ́yìn náà ló fajú ro, ó sì figbe ta débi pé ẹnì kan tó ń wakọ̀ kọjá lábẹ́ fèrèsé bèèrè pé kí ló dé.

Ìyá kò wo ọmọ. Ìgò ló tẹjú mọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Omi dákẹ́," ó ní, "ọma mi ń pariwo."