O Ò Ní Padà Sẹ́yìn

Ẹ̀yà ara alùpùpù ni mò ń tà ní ọjà Wàǹdó, mo sì ń wa bàálù. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́ pé obìnrin ń wa bàálù, kó jókòó sílé ara rẹ̀. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà pé kì í ṣe bàálù ńlá tó ń kó èrò lọ sí Parí ni mò ń wà. Bàálù kékeré ni, ẹlẹ́ni mẹ́rin, bí o bá sín nínú rẹ̀, gbogbo èrò ibẹ̀ ni yóò kí ọ. Kì í ṣe iṣẹ́ fún mi. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Fòfó ló kọ́kọ́ gbé mi gòkè. Fòfó kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nìyẹn, gbogbo àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ níbí sì ń pè é bẹ́ẹ̀, àtàwa Nàgó àtàwọn Gùn. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń ná Kraké, lẹ́nubodè Nàìjíríà, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti ilé wa. Nígbà tí ìyá mi kú, ìyá rẹ̀ ló tọ́ mi dàgbà. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú, kì í yin ènìyàn lásán.

Ọjọ́kọ́jọ́ tí èmi àti Fòfó bá fẹ́ fò, ọ̀dọ̀ Màmá la ó kọ́kọ́ yà. Á gbé ọwọ́ lé wa lórí, á ní, “Àlọ yín á dùn, àbọ̀ yín á dùn. Ẹ ò ní padà sẹ́yìn.” A ó ṣe àmín, ó di Kútọnù, níbi tí bàálù wà. Ta ló máa ń jókòó túmọ̀ irú àdúà bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń gbà á fún ọmọ ilé ìwé, wọ́n ń gbà á fún ìyàwó tuntun. Kí ayé ẹni máa lọ síwájú ni.

Lọ́dún tí ọyẹ́ mú gidi, Fòfó ń dá lọ sí Parakú, níbi tí ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń ṣègbéyàwó. Ọjà ni mo wà lọ́jọ́ náà, mi ò bá a lọ. Ojú ni àwa tí a ń wa bàálù kékeré fi ń wá ọ̀nà. A gbọ́dọ̀ máa rí ilẹ̀. Eruku ọyẹ́ sì bo ilẹ̀. Ẹnì kan nínú wa tó ti ṣáájú rẹ̀ ti yí padà, ó kìlọ̀ fún un lórí rédíò pé kó ṣe dẹmitúù. Fòfó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá mi ti ní mi ò ní padà sẹ́yìn.” Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Ara òkè kan ni wọ́n ti lọ gbé òkú rẹ̀.

Dẹmitúù, ìyẹn kéèyàn yí padà, ọ̀rọ̀ Faransé ni, gbogbo Àjàṣẹ́ ló ń sọ ọ́. Bí ẹni tó fi alùpùpù gbé ọ bá gbé ọ kọjá ilé, wàá fọwọ́ kàn án léjìká, “Ṣe dẹmitúù,” ó tán. Ojú ò ní ti ìwọ, ojú ò ní ti òun.

Nílé òkú, àmúwá Ọlọ́run ni gbogbo ènìyàn ń wí. Èmi náà wí i. Lẹ́yìn tí a ṣe fìdáù tán, Páápà pe àwa awabàálù jọ. Gùn ni Páápà, òun ni àgbà wa, bàálù ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé àmúwá Ọlọ́run títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán.

“Ọlọ́run mọ tirẹ̀,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká mọ tiwa.”

Inú bí mi. Nílẹ̀ wa, ta ló ń tú àṣìṣe òkú wò? Mo dìde, mo fẹ́ máa lọ. Páápà ò pariwo mọ́ mi.

“Jókòó, ọmọ mi. Kì í ṣe òkú là ń dá lẹ́jọ́. Kí kálukú sọ ibi tí òun náà ì bá ti kú.”

Ni mo bá jókòó. Ẹnì kan ní òun ti wọ inú òjò rí nítorí pé àwọn àna òun ń dúró de òun. Ẹlòmíì ní àwọn ọ̀rẹ́ tí òun gbé ń ya òun ní fọ́tò, òun ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé àyà òun ń já. Nígbà tó kàn mí, mo ní mi ò tíì yí padà rí, mo sì máa ń fi ṣe fáàrí. Kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin tó gbajúmọ̀ nílùú ni wọ́n jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ra síhòòhò lójú ara wọn, kí ẹnìkejì wọn má baà kú. Mo ń fi wọ́n yangàn títí dòní.

Àmọ́ kò sí agbo tí kò ní ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Fòfó sọ lórí rédíò dé etí Màmá. Nígbà tí mo lọ tẹrí ba níwájú rẹ̀ kí n tó lọ fò, ó kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìborùn.

“Ẹnu mi ló pa ọmọ mi,” ó ní. “Mi ò ní fi pa ìwọ náà.”

“Màmá, àdúà kì í pa ènìyàn. Ọyẹ́ ló ṣe é.”

“Ọyẹ́ kọ́ ló ní kó má padà. Èmi ni.”

Mo dé Kútọnù, mo jókòó sínú bàálù, mi ò lè tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo padà sílé. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ẹni tí Màmá kò gbé ọwọ́ lé lórí, kí ló ń wá lójú ọ̀run? Gbogbo òjò ọdún náà rọ̀ tán, mi ò fò.

Ọyẹ́ mìíràn dé. Ìyàwó tí wọ́n gbé lọ́jọ́ ikú Fòfó bímọ ní Parakú, ọkùnrin. Màmá di aṣọ ìkómọ, ó ní kí n bá òun fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Mo ní èmi ni n ó gbé e lọ, bàálù ni n ó sì fi gbé e. Ó wò mí. Ó na aṣọ náà sí mi, kò ṣàdúà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ síhà àríwá, títì tí mò ń fojú tẹ̀ lé nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú mọ́ mi lójú nínú eruku ọyẹ́. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi. Mo mọ̀ pé gbogbo ẹbí ti dúró sí pápá ní Parakú, tàwọn ti tẹlifóònù lọ́wọ́. Wọ́n á ní ṣebí obìnrin ni, ẹ̀rù ló bà á. Mo bú wọn níbẹ̀, èmi nìkan, lókè. Mo yí bàálù padà, mo gbé rédíò, mo ní, “Mò ń ṣe dẹmitúù.”

Páápà, tó ń gbọ́ rédíò ní Kútọnù, ló dáhùn. Ó ní, “O káre.”

Nígbà tí mo balẹ̀ ní Kútọnù, gbogbo àwọn awabàálù wà lórí ìdúró, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó bá yí padà nìyẹn. Mo gun alùpùpù wálé, ìdì aṣọ náà wà lórí itan mi. Télọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀.

“Awabàálù, ṣé o gbàgbé nǹkan ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní. “Mo gbàgbé láti kú.”

Màmá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rí ìdì aṣọ, ó rí mi. Mo kúnlẹ̀.

“Màmá, mo ṣe dẹmitúù.”

Ó fi etí ìborùn nu eruku kúrò lójú mi.

“Ojú ò tì ọ́?”

“Ó tì mí, Màmá. Mo padà bẹ́ẹ̀.”

Ó sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tó yá, ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde, ó gbé wọn lé mi lórí.

“O ò ní padà sẹ́yìn,” ó ní. Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ mi lórí. “Bó bá sì di dẹmitúù, ojú ò ní tì ọ́.”

Mo ṣe àmín sókè débi pé télọ̀ náà bá mi ṣe é láti ìta.