Àyè Alága

Láti ìgbà tí dókítà ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá mi nítorí àtọ̀gbẹ, wọn ò jáde nílé mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ti dàgbà sí, wọn ò dé ibẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Àfi àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan tí wọ́n ṣàdédé ní àwọn fẹ́ rán sùtánà tuntun, kí àwọn padà sáàárín ẹgbẹ́ àwọn. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa yan aṣọ náà, torí ohun tí èmi ń pè ní funfun, omi ògì ni lójú tiwọn.

Inú mi dùn débi pé mi ò rí gbogbo kòtò tó wà láàárín Jakande sí Ṣàngótẹ̀dó.

Ilé ìtajà tí a lọ náà lajú gan-an. Wọ́n fi ọ̀dà ya àga onítáyà sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, àyè ibẹ̀ sì fẹ̀, kí abirùn lè rọra bọ́ láti inú ọkọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: jíìpù dúdú kan ti gorí àwòrán náà, ó sùn fọnfọn. Bóyá orúnkún ló ń dùn ún.

Mo ní kí sìkiọ́ríìtì ibẹ̀ bá mi pe ẹni tó ni ín. Ó wò mí bíi pé ara mi ò yá.

"Àǹtí, ẹ má bínú o, àyè alága nìyẹn."

"Alága wo?"

Ó fi bàtà tọ́ka sílẹ̀. "Ṣé ẹ ò rí àga tí wọ́n yà síbẹ̀ ni? Alága nìkan ló ń páàkì síbẹ̀. Mánéjà wa gan-an ò jẹ́ dán an wò."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì tún ń pa mí. Lóòótọ́, àga ni wọ́n yà. Ta ló sì ni àga l'Ékòó bí kò ṣe alága? Alága ẹ̀sìtéètì, alága ẹgbẹ́, alága ìgbéyàwó. Abirùn wo ló tún fẹ́ wá bá wọn du ìjókòó?

Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀. "Gbé àga mi sílẹ̀ lẹ́yìn jíìpù yẹn gan-an," ni wọ́n wí. "Sọ fún un pé alága ti dé."

Mo gbé wọn lé orí kẹ̀kẹ́. Wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n kó ọwọ́ lé itan, wọ́n ń retí alága kejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí màmá mi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni tó ni jíìpù náà jáde tòun ti áìsìkìrímù lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Ó rí màmá lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó tẹrí ba, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fi owó lé wọn nítan.

"Màmá, ẹ gbàdúrà fún mi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Ó rò pé wọ́n ń ṣagbe ni. Ẹ ò rí i pé ọmọlúàbí ni?

Mo ti lanu láti bú u, màmá di ọwọ́ mi mú. Owó yẹn ni wọ́n ń wò.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo ní a ò tíì ra aṣọ. Wọ́n fọwọ́ ara wọn yí kẹ̀kẹ́ wọn kúrò lọ́nà. Jíìpù náà lọ, àyè alága sì ṣófo, ó fẹ̀, ó dára. Mo ní ẹ jẹ́ kí n sáré gbé ọkọ̀ wa síbẹ̀. Màmá ní kí n yára gbé àwọn wọ inú ọkọ̀ níbi tó wà, kí ẹlòmíràn tó tún fún àwọn lówó.