Orí Olùdarí Lórí Pósítà

Nígbà ìjọba ológun, ọmọ kíláàsì mi kan darí fíìmù, ó ní kí n ṣe pósítà tí yóò fa èrò wá. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi gé irun òṣèrébìnrin rẹ̀ jáde nínú fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá olùdarí wò ó, ó yínmú:

"Èmi ńkọ́? Orí tèmi ni kó tóbi jù!"

Kò sì kópa nínú fíìmù náà o! Mo gbé orí ràgàjì rẹ̀ sáàárín. Yíǹkì aláwọ̀ ti wọ́n gógó, dúdú àti funfun la tẹ̀, a sì lẹ̀ ẹ́ káàkiri Ẹdẹ.

Lọ́jọ́ ìfihàn, ẹni mẹ́rin péré ló wá. Ilé ìyá rẹ̀ lèrò kún: "Ẹ mọ́kàn le, ìyá wa." Ìkéde òkú ni wọ́n pe pósítà mi.